Ojú Ọkọ Ìyàwó Tí N Kò Lè Pa Rẹ́

Ẹni tó bá sọ fún yín pé búrọ́ọ̀ṣì kan ò yàtọ̀ sí èkejì, ẹ bá mi bi í pé kí ló ti fi kùn rí láyé rẹ̀. Ilẹ̀kùn ni àbí géètì? Ìyẹn kọ́ ni mò ń wí. Èmi Bímbọ́lá, opó Adéfọláhàn tó ń ta ọ̀dà ní ọjà Pessu ní Warri níjọ́sí, ère kéékèèké ni mò ń kùn, àwọn ọkọ àti ìyàwó tí wọ́n máa ń gbé dúró sórí kéèkì ìgbéyàwó. POP ni mo fi ń dà wọ́n, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ tó kán nílé ìwòsàn. Gbogbo gíga wọn ò ju ìka àárín mi lọ, orí wọn ò sì ju kóró àgbálùmọ̀. Lára kóró àgbálùmọ̀ yẹn ni ojú, imú àti ẹnu yóò ti jókòó, kí ìyá ìyàwó wò ó kó ní ọmọ òun nìyí. Bí ẹ bá rò pé ó rọrùn, ẹ dán an wò.

Búrọ́ọ̀ṣì méjì ló wà, onírun àti onínáílọ́ọ̀nù. Onínáílọ́ọ̀nù kún ọjà. Ó lágbára, kò ní wàhálà, ẹ lè fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, ẹ tilẹ̀ lè gbàgbé ẹ̀ sínú agolo di ọjọ́ kejì. Òun ni mo fi ń kun funfun ìsàlẹ̀, òun ni mo sì fi ń kun aṣọ. Ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀dà á mu. Ara rẹ̀ lóde ni ọ̀dà máa ń dúró sí, bó bá sì ti kan ojú ère báyìí, gbogbo ẹ̀ á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà bí ọmọ ọwọ́ tó ń pọ ọmú. Kì í pẹ́ tí imú búrọ́ọ̀ṣì náà fi ń ká kọ́ bí ìwọ̀ ẹja. Onírun, tí wọ́n fi irun ẹran gidi ṣe, á mu ọ̀dà sínú, á máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti fẹ́ ẹ. Bí ẹ bá fi ètè tọ́ imú rẹ̀, gbogbo irun yẹn á para pọ̀ di ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹyọ kan yẹn la fi ń ya irun ojú àti igun ẹnu tó fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ọ̀kan ṣoṣo ni mo ní nínú irú èyí. Ọkọ mi ló rà á fún mi lọ́wọ́ atukọ̀ kan tí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Warri. Ọkùnrin náà ní irun ẹranko kékeré kan tó jọ ọ̀kẹ́rẹ́ ni, pé ilẹ̀ òtútù ló ń gbé. Ọṣẹ dúdú ni mo fi ń fọ̀ ọ́, mo máa ń fi òróró àgbọn díẹ̀ pa á lára, mo sì máa ń tẹ́ ẹ sínú aṣọ rírọ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án láìtọrọ, ìjà tí gbogbo àdúgbò máa gbọ́ la máa jà.

Stephanie mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ni ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún èmi àti ọkọ mi. Warri la bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá yékéyéké, àní Ìjẹ̀bú tí mo bá ń sọ nígbà tínú bá ń bí mi, gbogbo rẹ̀ ló ń gbọ́, ṣùgbọ́n Píjìn ló fi ń dá mi lóhùn. Mo kọ́ ọ níṣẹ́ yìí láti kékeré. Onínáílọ́ọ̀nù ni tiẹ̀. Ó ní ta ló ráyè wo ojú ère lórí kéèkì, ṣebí bí wọ́n bá ti jẹ kéèkì tán, àwọn ọmọdé ló ń gbé e sá lọ. Mo ní kó máa wí, ọjọ́ tó bá kan òun náà á mọ̀.

Ọjọ́ náà dé lóòótọ́. Ọdún tí àwọn sójà gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá ni, ọdún 1999. Stephanie mú ọkùnrin kan wálé tó ń jẹ́ Clement, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ irin ní Aladja. Ọmọ ìlú níbí ni. N kò ní dárúkọ ẹ̀yà rẹ̀ fún yín, n kò sì ní dárúkọ ti àwọn tó bá ẹ̀yà rẹ̀ jà. Ẹni tó bá gbé Warri nígbà náà kò nílò kí n sọ ọ́, ẹni tí kò bá sì gbé ibẹ̀, kò sí ohun tó fẹ́ fi ṣe. Tọ̀tún tòsì ló pànìyàn, tọ̀tún tòsì ló sunlé.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ ta kò ó. Mo ní ṣé kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú mọ́ ni, ṣé kò sí ọmọ Ẹ̀gbá. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ n purọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò pé tí ọmọkùnrin náà fi gba ọkàn mi. Màmá ló ń pè mí, kì í ṣe ti ẹnu lásán. Bó bá ti Aladja dé, á kọ́kọ́ bèèrè bóyá omi wà nílé, á sì gbé garawa kí n tó dáhùn. Iná kan ta láti ara irin lẹ́nu iṣẹ́, ó bà á lójú, ó gé irun ojú òsì rẹ̀ sí méjì, nítorí náà bó bá rẹ́rìn-ín, ó máa ń dà bíi pé ojú kan ń bi ọ́ ní ìbéèrè. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi.

Wọ́n dá ìgbéyàwó sí ìparí oṣù kẹfà. Stephanie ní òun fúnra òun lòun máa kun ère tòun. Ó fi náílọ́ọ̀nù rẹ̀ kun ọkọ rẹ̀ tán, ó gbé e jáde. Clement wò ó títí, ó ní ọlọ́pàá wo nìyí. A rẹ́rìn-ín débi pé Stephanie fi ìbínú wọ yàrá lọ. Ni mo bá da òmíràn, mo mú onírun mi jáde, mo ní kí Clement jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ gbé dáa lẹ́yìn ìsìn. Ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta ni mo fi kun ojú yẹn. Mo wọ aṣọ ìbílẹ̀ wọn fún un, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, ọ̀pá lọ́wọ́, fìlà tó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní Warri bá ti rí i ló mọ ibi tí ẹni tó dé e ti wá, torí àwọn ará ilé rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ làwọn ń ṣe é. Nígbà tí mo fi ẹyọ irun kan ya àpá tó gé irun ojú rẹ̀, ère náà kàn wò mí ni. Stephanie sún mọ́ mi. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì náà lọ́wọ́ mi, ó fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sínú aṣọ.

Yàrá iwájú ilé wa náà ni ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ní àpótí onígíláàsì kan níbẹ̀ tí mo ń to iṣẹ́ sí. Àárín gbùngbùn rẹ̀ ni mo gbé Clement sí. Rosemary tó ń yan kéèkì, tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá, òun ló máa yan ti Stephanie. Kò tíì fojú kan ọkọ ìyàwó rí, torí ọ̀dọ̀ mi nìkan ló ń wá, ọjọ́ iṣẹ́ ló sì máa ń wá. Ó gbé ère náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó ní bí òun bá pàdé ọkùnrin yìí ní títì, òun á kí i. Ẹ wò mí bí mo ti ń wú. Mo rò pé ìyìn tó dára jù tí ẹnikẹ́ni ti yìn mí rí nìyẹn.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ni ìlú gbiná. Ẹ jẹ́ kí n sáré kọjá ibẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀sán gangan, Clement gba ẹ̀yìnkùlé wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo nínú bàtà. Wọ́n ti sun ilé wọn. Kò mọ ibi tí ìyá rẹ̀ wà. Àdúgbò tiwa, àwọn ẹ̀yà kejì tó ń bá tirẹ̀ jà ló pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilé Yorùbá ni ilé wa, gbogbo ayé sì mọ̀ pé ìjà náà kì í ṣe tiwa. Títì dé Ajamimogha, níbi tí àwọn sójà wà, kún fún àwọn tó dúró pẹ̀lú àdá, wọ́n sì ń ní kí ẹni tó bá ń kọjá sọ èdè rẹ̀. Inú ilé ló kù tó lè wà.

A fún un ní orúkọ. Wọlé la ní kó máa jẹ́, ọmọ àbúrò mi láti Ìjẹ̀bú-Òde. Mo kọ́ ọ ní ìkíni, òwúrọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Mo kọ́ ọ ní ìdọ̀bálẹ̀ débi pé ó ń dọ̀bálẹ̀ fún mi nígbàkigbà tó bá fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Stephanie kó gbogbo fọ́tò tí wọ́n jọ yà, mẹ́sàn-án ni, pẹ̀lú lẹ́tà àti káàdì iṣẹ́ rẹ̀, ó dáná sun wọ́n níléèdáná, ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí ilé kan ní títì kejì, fọ́tò ni wọ́n bá níbẹ̀ tí wọ́n fi mọ ẹni tó fara pamọ́. Èmi kò lè wò ó, mo kọ ẹ̀yìn sí i. Bó ti sun wọ́n tán, ó nawọ́ sí àpótí gíláàsì. Ó ní, “Mama, that one too.”

Mo ní mo ti gbọ́.

Mo gbé ère náà lọ sí orí tábìlì mi, mo mú abẹ. Gbogbo ohun tó yẹ kí n ṣe ò ju kí n ha ojú rẹ̀ dànù, ìṣẹ́jú kan ni. Mo gbé abẹ sí i, ọwọ́ mi kò lọ. Nílé bàbá mi, bí ẹ bá gún ère ẹni tó wà láàyè, ẹ ti ṣépè fún un nìyẹn. Ọmọdé tó bá fi abẹ́rẹ́ gún fọ́tò, ẹgba ló máa jẹ. Kí èmi wá fi abẹ ha ojú ọkọ ọmọ mi, lọ́sẹ̀ tí wọ́n ń fi àdá ṣá ojú ènìyàn ní ìgboro? Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá ṣe é, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi pè é.

Ẹ̀rù yẹn bà mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo ti dàgbà tó láti sọ èyí tó kù: ère náà ti dára jù. Láti ogún ọdún tí mo ti ń kun ojú ènìyàn, òun nìkan ni mo kùn tó pé. N kò fẹ́ pa á rẹ́.

Ni mo bá mú náílọ́ọ̀nù, mo kun agbádá funfun bo aṣọ ìbílẹ̀ náà, mo gé ọ̀pá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi POP tútù sọ fìlà rẹ̀ di fìlà tiwa. Ó di ọmọ Ìjẹ̀bú. Ojú náà wà bó ṣe wà. Stephanie bi mí pé ojú rẹ̀ ńkọ́, mo ní àwọn aládùúgbò kàn ń rí i tó ń wọlé ni, ta ló mọ orúkọ tàbí ẹ̀yà rẹ̀ níbí, ṣebí ọmọ àbúrò mi ni, ṣé n kò lè ya ọmọ àbúrò mi ni? Mo gbé e padà sínú àpótí, torí mo rò pé bí àyè rẹ̀ bá ṣófo, àwọn aládùúgbò tó ti ń rí i á bèèrè. Ọgbọ́n ni mo pe ìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹfà, Stephanie lọ wá gààrì. Kó tó jáde, ó ń bínú sí Clement lórí garawa kan lẹ́nu ẹ̀rọ omi, ó gbàgbé ara rẹ̀, ó pè é ní Clement, ó pariwo rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Obìnrin tó wà ní ilé kejì ń sá aṣọ nígbà náà, kò gbójú sókè. Stephanie jáde tòun ti ẹ̀rù.

Kò tíì ju wákàtí kan lọ tí Rosemary fi wọlé. Aṣọ dúdú ló ró. N kò tíì bi í tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní wọ́n ti pa àbúrò òun, ọmọ ìyá òun, ní etí omi, pé orí rẹ̀ kò sí lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e dé. Àwọn ẹ̀yà Clement ló pa á. Mo gbá a mọ́ra, èmi náà sunkún, ẹkún náà sì ti ọkàn wá. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ó wá sọ́dọ̀ mi nítorí pé ilé mi kì í ṣe ilé ìjà.

Nígbà tí ẹkún náà rọlẹ̀, ó dìde, ó ń wo inú àpótí gíláàsì bí ẹni tí kò fẹ́ wo ohun kan pàtó. Ó ṣí i. Ó gbé ère náà sí àtẹ́lẹwọ́ bó ti gbé e lọ́jọ́ ìjelòó. Ó ní mo ti pààrọ̀ aṣọ rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìgbéyàwó yẹn ti túká, oníbàárà mìíràn ni mo fẹ́ gbé e fún. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

Ó ní, “But you leave im face.”

Ìṣe ilé bàbá mi ló yọ sí mi lẹ́nu: àlejò dé, ó ti sunkún, n kò tíì fún un lómi. Kí n tó ronú, mo ti ké sí ẹ̀yìn pé, Wọlé, bu omi wá fún àlejò.

Ó gbé omi wá lórí abọ́ pẹrẹsẹ bí mo ti kọ́ ọ. Ó gbé e kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, “Ẹ káàsán, mà.” Ìkíni náà dán mọ́nrán, ọmọ Ìjẹ̀bú kan ò lè kí i jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó ti gbé abọ́ dìde, Rosemary wo ojú rẹ̀, ó wo àpá tó wà lójú òsì, ó sì wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Ó gba omi, ó mu ún tán, ó ní ẹ ṣé. Ó gbé ère padà sínú àpótí, ó ti gíláàsì, ó ní òun ń lọ bá ìyá òun.

Clement ní obìnrin náà wo òun jù. Ó ní kí òun gba ẹ̀yìnkùlé jáde, pé òun lè fara pamọ́ sí ilé ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní títì kejì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo ní kò ní lọ ibì kankan. Mo ní ṣé ó rí i pé obìnrin náà mu omi? Ẹni tó bá mu omi ilé ẹni kì í ṣe ẹni níbi, nílẹ̀ wa kò sí i. Mo ní èmi ti mọ Rosemary fún ọdún mọ́kànlá, kó lọ sinmi. Ó ní ó dáa, Màmá. Ó lọ dùbúlẹ̀ nítorí pé èmi ni mo ní kó lọ dùbúlẹ̀.

Nǹkan bí aago mẹ́rin ni wọ́n dé, ọkùnrin méje. Wọn kò kan ilẹ̀kùn. Clement dìde, ó kí wọn ní Yorùbá. Mo ń pariwo pé ọmọ àbúrò mi ni, Wọlé ni, Yorùbá ni wá, a kò sí nínú ìjà yín. Ẹni tó ṣáájú kò tilẹ̀ bi í ní orúkọ. Ó kọjú sí mi.

Ó ní, “Mama, where the doll?”

Èmi ni mo fi ojú tọ́ka sí i, ẹ gbà mí gbọ́, n kò mọ̀ pé ojú mi ti yí síbẹ̀. Ó mú un jáde, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ Clement bí ẹni tó ń wọn aṣọ mọ́ ènìyàn lára. Àwọn yòókù sún mọ́ ọn, wọ́n wò ó. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ mi orí fún iṣẹ́ náà. Wọ́n mú un. Mo dì mọ́ aṣọ rẹ̀, wọ́n tì mí, orí mi lu àpótí. Clement kò bá wọn jà, kó má baà di pé wọ́n á ṣe mí ní nǹkan kan. Ó ní, “Màmá, ẹ má jẹ́ kí Stephanie tẹ̀ lé wa.”

Ṣùgbọ́n Stephanie ti wà ní ìkóríta pẹ̀lú àpò gààrì lórí. Ó rí wọn. Mo gbọ́ igbe rẹ̀ láti inú ilé. Àwọn ọkùnrin àdúgbò ló dì í mú, tí wọn kò jẹ́ kó kọjá, kí Ọlọ́run san án fún wọn.

Kí wọ́n tó mú Stephanie padà wọlé, mo ti gbé ère náà nílẹ̀ níbi tí wọ́n jù ú sí. Inú tó bí mi lọ́jọ́ náà, n kò ní irú rẹ̀ mọ́. Mo gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo fi ọmọ odó lọ̀ ọ́ kúnná, mo bu omi lé e, mo fọ̀ ọ́ lọ sínú gọ́tà. Ọwọ́ tí kò lè ha ojú kan lọ́jọ́ kejì ìjà, ó rọrùn fún un lọ́jọ́ kẹfà.

A kò rí òkú Clement. A dé ilé ìwòsàn, a dé etí omi, a bẹ àwọn sójà ní Ajamimogha. Kò sí. Rosemary kúrò ní Warri kí oṣù náà tó parí. Mo máa ń gbìyànjú láti kórìíra rẹ̀ tọkàntọkàn, ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ kì í jẹ́ kí n lè ṣe é tán.

Stephanie kò bi mí bí wọ́n ṣe mọ̀. Òun ti ní ìdáhùn tirẹ̀. Ní alẹ́ kẹta, ó ń lu orí mọ́ ògiri, ó ń sọ ọ́ léraléra pé òun ni, òun ni òun pe orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ omi, obìnrin tó ń sá aṣọ ló gbọ́. Mo dì í mú. Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ wo ohun tí mo sọ: kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. N kò sọ pé irọ́ ni, n kò sọ pé kì í ṣe òun. Lójoojúmọ́ ni mo ń pète láti sọ ọ́, lójoojúmọ́ ni ẹnu mi ń wúwo. Ó rù, ó gbẹ. Kì í kí obìnrin ilé kejì mọ́, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin náà kò mọ ohun tó ṣe, ó tilẹ̀ ń gbé ọbẹ̀ wá fún wa.

Ní oṣù kẹjọ, ó wá bá mi nídìí tábìlì iṣẹ́. Ó ní òun fẹ́ rí ère náà. Ó ní òun ti sun gbogbo fọ́tò, pé ojú Clement ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ mọ́ òun lójú, pé bí òun bá rántí ojú, ẹnu rẹ̀ á sọnù, bí òun bá rántí ẹnu, òun kò ní rí ojú mọ́. Mo ní ère náà ti fọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní kí n tún un ṣe, kí n fi onírun yẹn kùn ún, ṣebí ọwọ́ mi kò tíì kú.

Mo gbà. Mo da mẹ́ta. Mo tọ́ imú búrọ́ọ̀ṣì náà di ẹyọ kan, ọ̀dà náà ń ṣàn bó ti yẹ kó ṣàn, kò sí ohun tó ṣe irun, kò sí ohun tó ṣe ọwọ́. Àpá náà wà níbi tó yẹ kó wà. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí mo bá pa ojú mi dé láti rí i, ibi tó ti ń dìde láti ilẹ̀ lẹ́yìn ìdọ̀bálẹ̀ ni mo máa ń rí, pẹ̀lú abọ́ omi lọ́wọ́, àti Rosemary tó ń wò ó. Ojú tó ń bẹ̀rù ni mo ń kùn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi kun àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Stephanie gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Ó ní, “No be him,” ó gbé e kalẹ̀. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ìkejì. Sí ìkẹta, orí nìkan ló mì.

Ó wá bi mí ní pẹ̀lẹ́, láìwo ojú mi, pé báwo ni ère ọjọ́ kìíní ṣe fọ́. Ó ní ṣé àwọn ọkùnrin yẹn ló fọ́ ọ ni?

Mo lè ní àwọn ni. Ẹnu mi tilẹ̀ ti ṣí láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo rí ọrùn rẹ̀ bó ti rí tín-ín-rín nínú kọ́là aṣọ, àárẹ̀ sì mú mi. Mo sọ fún un. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí abẹ tí n kò lè lò, mo sọ ti agbádá, mo sọ ti Rosemary àti omi, mo sọ pé Clement fẹ́ lọ, èmi ni mo ní kó dúró. Mo sọ pé ère ni wọ́n bèèrè fún, wọn kò bèèrè orúkọ. Mo sọ ọ́ dé ibi ọmọ odó.

Kò sunkún. Ó jókòó síbẹ̀ pẹ́, ó ń ka oṣù lórí ìka bí ẹni tó fẹ́ mọ iye ọjọ́. Mo retí kó bú mi, mo tilẹ̀ ń gbàdúrà kó bú mi.

Ó ní, “So since June you dey hear me dey cry say na me kill am.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.